Bí a ṣe ń yan irinṣẹ́ ìwalẹ̀ fún ẹ̀rọ ìwárin lórí ilẹ̀ líle Ṣábẹ àti Kétu

Kì í ṣe ẹ̀rọ ìwárin ló sábà máa ń já àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kulẹ̀. Ẹ̀rọ yóò dún, yóò sì tọ́ka sí ibi tí irin wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dì í mú yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì pẹlẹbẹ tí a fi ń gbin òdòdó, tàbí pẹ̀lú ọkọ́ tí ó gbé bọ̀ láti oko. Kí ó tó pẹ́, ẹnu ṣọ́bìrì ti ká, tàbí kí ọkọ́ ti ha òrùka tí wọ́n ń wá lára débi pé kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí yangí kún inú rẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti fà gbẹ, a máa tẹ́ irinṣẹ́ tí kò lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ tí ó lágbára jù, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, a máa ba ohun tí à ń wá jẹ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ń wá kọ́kọ́rọ́, òrùka, owó ẹyọ sééfà, irin ààlà ilẹ̀ tàbí irin ọkọ́ tí ó bọ́ sọnù nínú àgbàlá tàbí nínú oko.

Ohun tí ẹ ó nílò

- Ẹ̀rọ ìwárin fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tí ó kún.
- Ọ̀pá irin ìkọ́lé tí ó nípọn tó mìlímítà 8, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí a sì pọ́n ẹnu rẹ̀ kan. Èyí ni ẹ ó fi dán ilẹ̀ wò.
- Ìwalẹ̀ ọwọ́ kan, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré bí ṣọ́bìrì tí a ń fi ọwọ́ kan gbẹ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ nípọn.
- Díígà kékeré kan tí a lè fi ọwọ́ kan jù.
- Fáìlì, òòfà kékeré kan, àti rúlà tàbí okùn ìwọ̀n.
- Gálọ́ọ̀nù omi kan, àti àpò ìrẹsì tí a tú tàbí aṣọ líle tí ẹ ó máa kó erùpẹ̀ lé.
- Ìbọ̀wọ́ aláwọ, bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, àti awò tí ó bo ojú, nítorí pé èérún yangí máa ń ta sókè nígbà tí díígà bá bà á.
- Àṣẹ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìlú, ẹ lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé tàbí kí ẹ lọ sí ààfin.

Ẹ má ṣe gbẹ́lẹ̀ ní ojúbọ, ní igbó orò, ní ibi ìsìnkú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ohun àtijọ́ ìlú. Ní Kétu, èyí kan Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, àti gbogbo ibi tí yàrà àtijọ́ ìlú gbà kọjá. Òfin ilẹ̀ Bénin dáàbò bo ogún àtijọ́, kò sì sí irinṣẹ́ kankan nínú ìtọ́sọ́nà yìí tí ó wà fún irú ibẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ fi ọ̀pá irin dán ilẹ̀ wò

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbẹ́. Ẹ gún ọ̀pá irin náà mọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ fi agbára ọwọ́ nìkan tì í, láìfi òòlù kàn án. Bí ó bá wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ilẹ̀ náà rọ̀, ìwalẹ̀ ọwọ́ nìkan sì tó. Bí ó bá dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 3 sí 10, ìwalẹ̀ tí ó nípọn ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́, kí díígà sì wà nítòsí. Bí kò bá wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 3, díígà ni yóò ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, ìwalẹ̀ yóò kàn máa kó erùpẹ̀ jáde ni.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè òkúta Ṣábẹ, ẹ ó máa bá iyanrìn tí ó wá láti ara òkúta tí ó ti fọ́. Ó rọrùn láti gbẹ́ lókè, ṣùgbọ́n òkúta gidi lè pàdé yín lábẹ́ rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Níbi tí yangí bá wà, ẹ ó rí òkúta pupa tí ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀, tí ó lẹ̀ mọ́ra wọn pẹ̀lú erùpẹ̀. Ibẹ̀ ni irinṣẹ́ tí kò dára ti máa ń kú. Ilẹ̀ pupa Kétu ní tirẹ̀ máa ń rọ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó lè le bí bíríkì. Nítorí náà, àsìkò tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ gan-an ni kí ẹ dán an wò.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìṣe: wọ́n máa ń dán ilẹ̀ wò lẹ́yìn ilé ìdáná tàbí nítòsí balùwẹ̀, níbi tí omi ti ń dà sí lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rọ̀, wọn yóò sì ra irinṣẹ́ tí kò ní lè ṣe nǹkan kan ní àárín àgbàlá.

Ẹ tún fi òòfà kan erùpẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ti fọ́ túútúú. Bí èérún púpọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ náà ní irin nínú, ẹ̀rọ yín yóò sì máa dún lásán lórí òkúta. Ẹ ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó bá ilẹ̀ mu gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ti sọ, kí ẹ sì dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti yanjú bí ẹ bá lè sọ, fún apá kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ náà, bí ọ̀pá ṣe wọlé tó, àti bóyá òòfà rí nǹkan mú tàbí kò rí.

Ìpele 2: Ẹ mọ bí ihò yóò ti jìn tó

Ẹ̀rọ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rà kì í sábà gbúròó owó ẹyọ kọjá nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, níbi tí yangí bá sì pọ̀, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nínú àgbàlá kì í sì jìn rárá, àfi bí wọ́n bá ti da ilẹ̀ lé e. Nítorí náà, irinṣẹ́ tí a fi ń gbẹ́ ihò òpó tàbí ihò igi kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹnu ìwalẹ̀ tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 18 ti tó.

Ìpele 3: Ẹ yan ìwalẹ̀ ọwọ́

Ìwalẹ̀ ọwọ́ ni irinṣẹ́ tí ẹ ó lò jù, òun náà sì ni wọ́n ń rà láìwò ó dáadáa jù. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni bí irin ẹnu rẹ̀ ti nípọn tó. Èyí tí kò tó mìlímítà 3 yóò ká lórí yangí. Mìlímítà 4 dára jù. Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, nítorí pé bí ẹnu irin bá ti fẹ̀ tó ni ilẹ̀ yóò ti dènà rẹ̀ tó. Kí ẹnu rẹ̀ máa tín-ínrín díẹ̀díẹ̀ títí dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n kí ṣóńṣó náà má tín-ínrín jù, torí ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹnu irin àti èèkù ti pàdé. Gbogbo agbára tí ẹ bá lò nígbà tí ẹ bá ń fi irin gbé òkúta sókè, ọrùn ló ń gbà á. Èyí tí ó dára jù ni èyí tí irin kan ṣoṣo gbà láti ṣóńṣó dé ìdí èèkù, tí a wá fi igi tàbí rọ́bà bo apá èèkù. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n jó irin méjì pọ̀ ní ọrùn, ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ sì yẹ ojú ìjó náà wò. Bí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín bá wà níbẹ̀, tàbí bí ìjó náà bá yí ẹ̀gbẹ́ kan ká tí kò sì dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á. Ó lè tàn yinrinyinrin, kí ọ̀dà rẹ̀ sì dára, síbẹ̀ kò ní pẹ́ kán.

Ẹ má ṣe ra èyí tí a fi alumíníọ̀mù ṣe. Èyí tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe dára fún ilẹ̀ rírọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́lẹ́ yóò tẹ̀. Àwọn kan gbà pé irin tí òòfà kò lè fà ni ẹ̀rọ ìwárin kò ní gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ń gbọ́ ohunkóhun tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ti eyín ayùn tí wọ́n máa ń gé sí ẹ̀gbẹ́ ìwalẹ̀, ó wúlò níbi tí gbòǹgbò koríko bá pọ̀ sí. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, eyín náà yóò kú kíá, èmi kò sì rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ san àfikún owó nítorí rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí kí ẹ tó sanwó:

- Ẹ so ó rọ̀, kí ẹ fi òkúta kékeré kan ẹnu rẹ̀. Irin tí ó dára yóò dún gbọnrangandan. Èyí tí ó ti sán níbìkan yóò dún ṣìgìdì.
- Ẹ fi fáìlì ha etí rẹ̀ díẹ̀. Bí fáìlì bá wọlé wẹ́rẹ́, irin náà rọ̀ jù. Bí ó bá ń yọ̀ tí kò mú rárá, irin náà le, ṣùgbọ́n ó lè kán. Kí fáìlì máa mú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára ni èyí tí a ń fẹ́.
- Ẹ dì í mú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Bí ìka yín bá ń fara kan irin ọrùn, èèkù náà kúrú jù.

Ìpele 4: Bí ẹ kò bá rí èyí tí ó dára rà, ẹ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà yìí ló dára jù fún ará Ṣábẹ àti Kétu. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ń rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ ní àdúgbò wa mọ ilẹ̀ wa ju ilé iṣẹ́ tí ó wà lókèèrè lọ, irin sípíríǹgì ọkọ̀ tí wọ́n sì máa ń lò jẹ́ irin tí ó le, tí ó sì máa ń tẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí ní bí yóò ti tóbi tó gan-an, kí ẹ gé páálí náà, kí ẹ sì mú un lọ: ẹnu sẹ̀ǹtímítà 16, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 6 lókè, irin èèkù tí ó bá ẹnu jẹ́ ọ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 32. Ẹ ní kí ó tẹ ẹnu náà wọnú díẹ̀ ní gígùn, kí ó lè máa kó erùpẹ̀, kí ó sì lágbára sí i.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bá a sọ yékéyéké ni ọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí irin sípíríǹgì bá ti pọ́n nínú iná láti rọ, líle rẹ̀ àtijọ́ ti lọ. Wọ́n ní láti tún un mú pọ́n, kí wọ́n rì í sínú òróró, kí wọ́n wá yán an padà níwọ̀nba, ìyẹn ni kí wọ́n tún fi ooru díẹ̀ kàn án, títí tí ojú irin tí a ti nù mọ́ yóò fi di àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ aró. Bí wọ́n bá rì í sínú omi tútù, ó lè sán. Bí wọ́n bá sì rì í sínú òróró láìyán an padà, yóò le gan-an, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi gbé òkúta ni yóò ṣẹ́ sí méjì. Bí a bá sì ti ṣe èyí tán, kí ajórin kankan má tún jó nǹkan mọ́ ọrùn rẹ̀, torí ooru ìjó yóò ba líle irin náà jẹ́.

Fún èèkù, igi líle bí àyìn dára. Ẹ kun èèkù náà ní ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ aró. Ẹ má ṣe kun ún ní pupa, nítorí pé bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, ẹ ó máa wá ìwalẹ̀ dípò ohun tí ó sọnù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà, kí ẹ tó san owó tí ó kù. Ẹ ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ àárín òkúta méjì tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fa èèkù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú agbára. Kí ó tẹ̀ díẹ̀, kí ó sì padà tọ́. Ẹ gbé e lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, kí ẹ wo ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ti wọ́, irin náà rọ̀, ẹ ní kí ó tún un fi sínú iná.

Ìpele 5: Ẹ yan díígà

Díígà tí àwọn tí ń ṣe ọ̀nà ń lò wúwo jù fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí orí rẹ̀ wúwo tó kílò 1 sí kílò 1 àti ààbọ̀, tí èèkù rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60, ni kí ẹ wá. Kí ẹnu kan jẹ́ ṣóńṣó fún yangí, kí ẹnu kejì jẹ́ pẹlẹbẹ, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, fún ilẹ̀ pupa líle.

Ibi tí ewu wà ni ojú díígà, ihò tí èèkù wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rì í sínú omi mọ́jú nígbà tí orí rẹ̀ bá ń mì, igi á wú, á sì fún. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti fà á gbẹ, igi á tún sún kì, orí irin náà sì lè fò lọ bá ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Dípò omi, ẹ kan ègé igi tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ orí èèkù, kí ó lè fún mọ́ inú ihò náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ di èèkù mú, kí ẹ dojú orí irin kọlẹ̀, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n gidigidi. Kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ dún.

Ṣọ́bìrì gígùn tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kì í ṣe dandan. Ẹ̀yìn òjò ńlá nìkan, lórí ilẹ̀ oko tí kò ní òkúta, ni mo lè gbà yín níyànjú láti gbé e dání.

Ìpele 6: Ẹ mọ bí irinṣẹ́ yín ti ń ṣe ẹ̀rọ

Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì máa sún ìwalẹ̀ mọ́ àwo rẹ̀, apá ìsàlẹ̀ tí ó ń gbọ́ irin, díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá ti kọ́kọ́ dún, ẹ wọn ọ́n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún díígà, fún ìgbànú yín àti fún bàtà, pàápàá bí irin bá wà ní orí bàtà náà. Nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa gbé gbogbo irinṣẹ́ sí ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Àìṣe èyí ló fà á tí àwọn kan fi máa ń gbẹ́ ihò lórí ihò láìrí nǹkan kan: díígà tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn ń kígbe mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ó ti tọ́ bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nígbà tí ẹ bá dúró bí ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ wọ̀.

Ìpele 7: Ẹ fi ihò àkọ́kọ́ dán irinṣẹ́ wò

Ẹ da owó ẹyọ kan tí kò níye lórí sínú ilẹ̀ tiyín, kí ẹ bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 8, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

1. Ẹ fi ẹ̀rọ gba orí rẹ̀ kọjá láti àríwá sí gúúsù, lẹ́yìn náà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ẹ ó sàmì sí.
2. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ da omi díẹ̀ sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Omi tí ẹ bá dà ní ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ kì í wọlé. Ẹrẹ̀ nìkan ni yóò dá sílẹ̀ lókè.
3. Ẹ fi díígà la ilẹ̀ yíká, kí ẹ jìnnà sí àmì náà tó sẹ̀ǹtímítà 10. Díígà kò gbọdọ̀ bà lórí àmì náà rárá, bí ó ti wù kí ilẹ̀ le tó. Ìkánjú níbí ló ń ha òrùka, tí ó sì ń gé owó sí méjì.
4. Ẹ ti ìwalẹ̀ bọ abẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé odindi ògúlùtu náà sókè, kí ẹ sì gbé e lé àpò ìrẹsì.
5. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ihò wò, lẹ́yìn náà ẹ yẹ ògúlùtu wò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ́ ọ, kí ẹ má fi irin kàn án.

Bí ìró kan bá gùn lọ tààrà kọjá ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má gbẹ́ ibẹ̀. Ó lè jẹ́ páìpù omi tàbí wáyà iná. Bí ẹ bá sì ti ń gbẹ́ tí ẹ kan iyanrìn mímọ́ tí kò jọ ilẹ̀ àyíká, tàbí ike tí a tẹ́ sílẹ̀, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì dí ihò náà. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò àtijọ́ tàbí ide àtijọ́ ni ẹ bá pàdé, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i, kí ẹ lọ sọ fún ààfin tàbí fún ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ dá erùpẹ̀ padà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, nítorí pé ewúrẹ́ àti ọmọdé lè já sínú ihò tí a fi sílẹ̀. Ó ti tọ́ bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ kan dúró lórí rẹ̀ tí kò sì rì.

Níkẹyìn, ẹ nu irinṣẹ́, kí ẹ wo ẹnu wọn. Ẹ gbé ẹnu ìwalẹ̀ dojú kọ oòrùn: ibi tí ẹ bá ti rí ìlà funfun tí ń dán lójú etí irin, ẹnu ti kú níbẹ̀. Ẹ fi fáìlì pọ́n ọn láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo títí ìlà náà yóò fi pòórá, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á lára kí ó tó wọ àpò.